Ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní: Ikú Ládòkè àti Ogun Tó Tẹ̀lé e

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe tuntun sétí àwọn àgbà. Inú yàrá ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, wọn a sì dákẹ́ bí àlejò bá wọlé. Mo fẹ́ ká sọ ọ́ ní gbangba lónìí, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ.

Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, Ààrẹ orílẹ̀-èdè àti àwọn gómìnà a máa gbé òdòdó lọ síbi ère ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn sójà a yìnbọn sókè, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀, àwọn opó ọmọ ogun a jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Nígbà kan rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá là ń ṣe ìrántí yìí, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe tiwọn nítorí ogun àgbáyé. Ìjọba wa ló gbé e wá sí oṣù Kìíní, nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù náà ní 1970 ni àwọn aṣojú Biafra, apá Ìlà-Oòrùn tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, wá sí Dodan Barracks ní Èkó, tí wọ́n gbà pé ogun ti parí.

Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ náà ti ní òkú tirẹ̀ kí Biafra tó dé. Ọdún mẹ́rin géérégé ṣáájú, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, ni àwọn sójà pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ọdún 55 ni. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá ń ṣe ìrántí òpin ogun, Ògbómọ̀ṣọ́ ń rántí ọ̀kan nínú ohun tó bẹ̀rẹ̀ ogun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ru ẹrù méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo òru náà dáadáa, nítorí ìtàn rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ àhesọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 14, Akíntọ́lá wọ bàlúù lọ bá Sàdáúnà, Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá, ní Kaduna, ó sì padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí òru jìn, Kápútéènì Emmanuel Nwobosi kó àwọn sójà wá láti Abẹ́òkúta. Ilé igbákejì olórí ìjọba, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Kayode, ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, wọ́n sì mú un lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré gbé tẹlifóònù, tó kìlọ̀ fún ilé Akíntọ́lá. Nígbà tí àwọn sójà fi máa dé ilé Akíntọ́lá ní Ìyágànkú, ọkùnrin náà ti ji, ó ti mú ìbọn. Ó yìn ín lù wọ́n, ó ṣe àwọn kan léṣe nínú wọn. Ìbọn tí wọ́n dá padà pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó jáde sí wọn ni wọ́n pa á. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sílé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sin ín sí.

Lóru kan náà ni wọ́n pa Sàdáúnà ní Kaduna, wọ́n sì gbé Olórí Ìjọba Àpapọ̀, Abubakar Tafawa Balewa, àti Mínísítà Ìṣúná, Festus Okotie-Eboh, lọ, òkú àwọn méjèèjì la padà rí. Wọ́n pa àwọn ọ̀gá sójà náà. Bírígédíà Samuel Adémúlégùn tó jẹ́ ọmọ Oǹdó, inú yàrá ni wọ́n ti pa òun àti aya rẹ̀ ní Kaduna. Wọ́n pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ́ìndé. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Arthur Unegbe, ọmọ Ígbò, tí wọ́n pa ní Èkó lóru kan náà.

Mo mẹ́nu ba Unegbe nítorí pé àríyànjiyàn àkọ́kọ́ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìdìtẹ̀ àwọn Ígbò ni. Wọ́n ní ẹ wo orúkọ àwọn Méjọ̀ tó ṣe é, Nzeogwu, Ifeajuna àti àwọn yòókù, Ígbò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wo olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn àti ti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọn kò kú. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn ní Yorùbá wà níbẹ̀: Méjọ̀ Wálé Adémóyèga láti Òde Rẹ́mọ wà lára àwọn tó pète rẹ̀, ó sì kọ ìwé ní 1981 láti fi sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ó ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà lẹ́wọ̀n làwọn fẹ́ tú sílẹ̀ kó wá ṣèjọba. Òótọ́ nìyẹn náà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan sọ, tó fi èkejì pamọ́, ó ní ibi tó ń gbé àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ.

Nǹkan kan tún wà tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò fẹ́ràn láti gbọ́. Ní ọjọ́ tí a ń sunkún yẹn, àwọn Yorùbá bíi tiwa ń jó ní ìgboro. Ní Ìbàdàn àti ní Èkó, àwọn ènìyàn bọ́ síta, wọ́n ń yọ̀. Ìbò oṣù Kẹwàá 1965 ló fà á. Èmi kò ní fi ẹ̀tàn bá yín sọ̀rọ̀: wọ́n ba ìbò náà jẹ́. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ Akíntọ́lá sọ pé àwọn ló wọlé, àwọn Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, kọ̀ jálẹ̀, ni Wẹ́tíẹ̀ bá dé. Wọ́n ń da bẹntiróò sí ènìyàn àti ilé, wọ́n ń ṣáná sí i. Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n ní Calabar nígbà náà, láti 1963 tí wọ́n ti dá a lẹ́bi ọ̀tẹ̀. Rédíò gan-an kò bọ́ nínú rògbòdìyàn náà. Lóṣù Kẹwàá yẹn, ẹnì kan wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ti òun síbẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kan Wọlé Ṣóyínká, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ẹni tó ń yọ̀ lọ́jọ́ ikú Akíntọ́lá, ó lè jẹ́ pé ilé bàbá rẹ̀ ló jóná. Ẹni tó ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n pa. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà rí ogun tó tẹ̀lé e kò lè jọra láé.

Ọ̀yọ́ Aláàfin ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló lé Aláàfin Adéníran Adéyẹmí kúrò ní ìlú ní 1954, lẹ́yìn ìjà òun àti Bọ́dé Thomas, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì rọ̀ ọ́ lóyè. Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ kò gbàgbé. Nígbà tí Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀ pín yà ní 1962, ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo Yorùbá ló ní ìdí láti tẹ̀lé Awólọ́wọ̀. Aláàfin tó jẹ lẹ́yìn Adéyẹmí, Ọba Gbádégẹṣin Ládìgbòlù, ló fi Akíntọ́lá joyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1964. Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní Kakaǹfò rí, Tóyèjẹ àti Òjó Abúrúmákú. Àwọn àgbà ní Kakaǹfò kì í kú sórí ẹní, ikú Akíntọ́lá sì wá dà bí ẹ̀rí fún wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn àgbà ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá di gbogbo ẹ̀bi náà ru oyè, a ti dá àwọn tó fa ìbọn sílẹ̀ nìyẹn, a sì ti dá àwọn olóṣèlú tó da ìlú rú kó tó di ọjọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú Akíntọ́lá, ìbọn tún dún ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966, àwọn sójà ará Àríwá mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, tó ti di olórí orílẹ̀-èdè, ní ilé ìjọba níbi tó ti wá ṣe àlejò Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Adó-Èkìtì. Wọ́n pa àlejò, wọ́n pa onílé. Ohun tí Yorùbá ń sọ ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan tó wà nínú iṣẹ́ sójà nígbà náà sọ pé àwọn tó wá ti ní Fájuyì náà lọ́kàn láti pa. Èyí ó wù kó jẹ́, ọmọ Yorùbá kan àti ọmọ Ígbò kan jọ kú lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ ìbọn kan náà, ó sì yẹ kí àwọn tó ń sọ pé ogun náà jẹ́ ti Yorùbá àti Ígbò rántí rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àti láti oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, wọ́n pa àwọn Ígbò ní Àríwá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sá padà sí Ìlà-Oòrùn. Ìdí tí mo fi ní kí Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́tí síbi yìí ni pé àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀. Oníṣòwò ni Ògbómọ̀ṣọ́. A ti wà ní Jos, ní Kano, ní Zaria, títí dé Tamale ní Gáánà, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, tó jẹ Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1973 títí di 2021, Jos ló ti ṣòwò kó tó gorí oyè. Bí wọ́n ṣe ń pa Ígbò ní àdúgbò kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé ní àdúgbò kejì. Àwọn kan gbé aládùúgbò wọn pamọ́, àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn Ígbò wọ̀nyẹn, ẹ̀sùn ikú Akíntọ́lá àti Sàdáúnà ni wọ́n fi bò ó lójú. Ọmọ Ígbò tó ń ránṣọ ní Jos, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ réluwé ní Kano, kò rí Nwobosi rí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1967, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, kéde Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Benin, wọ́n sì ń bọ̀ ní Òrè, ọ̀gá tó ń ṣamọ̀nà wọn sì jẹ́ Yorùbá: Victor Bánjọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn padà. Títí dòní, bí nǹkan bá le, ẹ ó gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ pé ó le kú, ìjà Òrè. Ojukwu fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu lóṣù Kẹsàn-án, ó ní ó dalẹ̀ òun. Ṣóyínká tó lọ bá Ojukwu sọ̀rọ̀ kí ogun má baà ràn, ìjọba Gowon, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, tì í mọ́lé láti 1967 títí di 1969. Awólọ́wọ̀ tó ti sọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1967 pé bí Ìlà-Oòrùn bá fi Nàìjíríà sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn náà yóò lọ, òun ló wá di Kọmíṣọ́nnà Ìṣúná, tó ń wá owó tí a fi jagun láìyá owó rẹpẹtẹ lókè òkun. Yorùbá mẹ́ta nìyẹn, ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Yorùbá sọ̀rọ̀ ní ohùn kan lórí ogun yẹn, ẹ bi í pé ta ni nínú wọn.

Yorùbá kẹrin ni ti ilé wa. Benjamin Adékúnlé ni. Bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ̀, ọmọ Bachama láti Adamawa. Kaduna ni wọ́n bí i sí ní 1936. Òun ni ayé ń pè ní Black Scorpion, Àkeekèé Dúdú. Òun ló kó àwọn ọmọ ogun gba orí omi wọ Bonny ní oṣù Keje 1967, ó gba Calabar ní oṣù Kẹwàá, ó gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, kò sí orúkọ tó dùn létí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà Nàìjíríà tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ ní 1966 lé ní 200,000 kí ogun tó parí, àwọn tó sì wọlé torí orúkọ Adékúnlé kò kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará Ìlà-Oòrùn nípa orúkọ kan náà. Ní 1968, nígbà tí àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun, tí ikùn wọn wú, ń lọ káàkiri ayé, Adékúnlé sọ fún àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè pé òun kò fẹ́ rí Red Cross tàbí ẹlẹ́yinjú àánú kankan ní ọ̀dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ náà ká a mọ́lé títí tó fi kú ní 2014. Àwọn kan nínú wa a máa ní ọ̀rọ̀ sójà lásán ni, pé ogun kì í ṣe àpèjẹ. Èmi rò pé a lè bọlá fún akíkanjú ọmọ wa, ká sì sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn burú. Ọmọ tí ebi pa ní Umuahia kò di ìbọn mú. Iye àwọn tí ogun náà pa, àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ń sọ mílíọ̀nù kan sí mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Awólọ́wọ̀, tí àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ rù, gbèjà ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ebi náà ní 1983, ó ní àwọn sójà Biafra ló ń gba oúnjẹ tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn aláìlágbára jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ gbà á gbọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ kò gbà á gbọ́, kò sí èyí tí mo fẹ́ lé kúrò nídìí rédíò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ọmọ náà kò kú.

Ìbéèrè méjì la máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra ní ìlú wa. Ṣé ó tọ́ kí wọ́n pa Akíntọ́lá? Ṣé ó tọ́ ká bá Biafra jà bí a ṣe bá a jà? Mo ti jókòó ti àgbàlagbà tí mo béèrè ìkejì lọ́wọ́ wọn, ìkíní ni wọ́n fi dá mi lóhùn: wọ́n ní, wọ́n pa ènìyàn wa. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pa ènìyàn wa, mo sì gbà pé kò sí ohunkóhun tí Akíntọ́lá ṣe tó fi yẹ kí wọ́n yìnbọn pa á láìsí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dáhùn ìkíní kò tíì dáhùn ìkejì. Ìdí gidi kan wà tí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi fẹ́ kí Nàìjíríà wà ní ọ̀kan, mo sì rò pé òun ló yẹ kí wọ́n máa sọ: bí orílẹ̀-èdè bá fọ́, ṣọ́ọ̀bù wọn ní Jos àti Kano ti di ilẹ̀ àjèjì. Èyí jẹ́ ìdí tí ènìyàn lè gbé kalẹ̀, kí ẹlòmíràn sì gbé tirẹ̀ ko ojú rẹ̀. Ẹ̀san kò ṣe é bá jiyàn.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń lọ́ nǹkan méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn kan já bàlúù gbà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pa àwọn tó sún mọ́ 3,000. Gbogbo ayé bá wọn kẹ́dùn. Ní oṣù Kẹta 2003, Amẹ́ríkà gbógun lọ sí Iraq, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Iraq kan ṣoṣo nínú àwọn 19 tó já bàlúù náà gbà. Àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí àwọn tó kú jáde, wọ́n ní kí ìjọba má fi orúkọ òkú àwọn jagun níbi tí kò kàn. Orúkọ burúkú ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó bú wọn ti gbà pé wọ́n rí ọ̀ọ́kán.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé, torí pé ogun náà wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ìjọba ń wá owó. Owó orí ń gun òkè, àwọn owó mìíràn tí ogun bí sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn agbowó-orí pẹ̀lú ọlọ́pàá a máa dẹ ọ̀nà fún àwọn ọkùnrin, ẹni tí kò bá rí risíìtì fi hàn, wọ́n ti mú un. Àwọn ọkùnrin ń sùn sóko nítorí owó orí. Àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, Tafa Adéoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, dìde, wọ́n ní ọgbọ̀n ṣílè làwọn yóò san, kò gbọdọ̀ lé. Àwọn yẹn ṣì ní kòkó. Ní ìhà tiwa, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ là ń gbìn. Ilẹ̀ ọ̀dàn kì í gba kòkó. Owó orí kan náà ni wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ oníṣu san pẹ̀lú àgbẹ̀ oníkòkó.

Ní oṣù Karùn-ún 1969, wọ́n yọ Adékúnlé kúrò lójú ogun lẹ́yìn tí Biafra gba Owerri padà, wọ́n fi Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, àwọn àgbẹ̀ tínú ń bí nítorí owó orí ya wọ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wọ ààfin. Wọ́n pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé, wọ́n sì pa àwọn mìíràn. Ìlú tí Fúlàní kò lè kó nígbà ogun àtijọ́, tí àwọn ogunléndé láti oríṣiríṣi ìlú Ọ̀yọ́ sá wá bá, ìlú náà ló pa ọba ara rẹ̀ nínú ogun tí wọ́n ń jà ní ọ̀nà jíjìn réré. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia ní Gáánà tún ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń já bọ́ láti Tamale àti Kumasi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n padà wá bá ìlú tí kò ní ọba.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá gbọ́ ẹ̀hónú àwọn àgbẹ̀, Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ sì dín owó orí kù. Nígbà tí Gowon wá kéde ní oṣù Kìíní 1970 pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun, mo rò pé ó sọ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n àwọn Ígbò tó lọ sí báńkì lẹ́yìn ogun, ogún pọ́n-ùn ni wọ́n fún wọn, iye yòówù kí wọ́n ti ní níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn onílé kan wà ní Ìbàdàn àti Èkó tó tọ́jú owó ilé àwọn Ígbò títí wọ́n fi dé. Ní Port Harcourt, wọ́n pe ilé wọn ní ohun-ìní tí wọ́n fi sílẹ̀ sá lọ, ọ̀pọ̀ kò rí i gbà padà. Ẹ wo bí ìwà àwọn ará ìlú kan ṣe yàtọ̀ sí òfin.

Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ yunifásítì LAUTECH ní ìlú wa, tí orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá wà lára aṣọ wọn, tí wọn kò mọ̀ ju pé olóṣèlú kan ni. Ẹ̀bi wọn kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kó tó di pé wọ́n ní kí a dá a padà. Ní Umuahia, mùsíọ́mù ogun wà láti 1985, tí ènìyàn lè lọ wo ọkọ̀ ogun tí àwọn Biafra fọwọ́ ara wọn rọ. Ní ìhà tiwa níbí, inú àpótí àti orí ògiri pálọ̀ ni tiwa wà.

Èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí. Bí bàbá yín bá jagun, tàbí tí ìyá yín bá wà ní Jos ní 1966, ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ogun náà tọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, ibo ni wọ́n sùn, ta ni aládùúgbò wọn, kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti sọ ìyẹn tán yóò sọ ìyókù fúnra rẹ̀. Fóònù ọwọ́ yín lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá ní fọ́tò tàbí lẹ́tà láti ojú ogun, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, nítorí yíǹkì bírò a máa là á kọjá sí ojú fọ́tò tó bá pẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ owó orí ọdún 1969 nìkan la ó sọ. A fẹ́ gbọ́ ẹ̀yin tí bàbá yín wà lára àwọn àgbẹ̀ tó dìde, a sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀yin tí bàbá yín wà ní ààfin lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ wá.